Wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ dí àbàtà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa: ṣé a lè dá wọn dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan nítòsí adágún Ẹlẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn níbí. Àbàtà ńlá kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tí odò kékeré kan ń gbà wọnú adágún náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ pé ìjọba ti dá ààbò bò ó, pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá la rí kátápílà tó wọlé, tìpà sì ń já iyẹ̀pẹ̀ pupa. Ilé-iṣẹ́ kan ló ní òun fẹ́ kọ́ ẹ́síteètì àti ibi ìgbafẹ́ síbẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ti gba C of O. Àwọn mọ̀gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀ náà látilẹ̀ ti gba owó. Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa ní ká jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, pé iṣẹ́ máa dé. Àwọn kan sì ti ń múra àtilọ dí ọ̀nà mọ́ tìpà. Ṣé a lẹ́tọ̀ọ́ láti tako iṣẹ́ yìí? Ṣé a lè borí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdúró ti àdúgbò o, ẹ̀yin akọ̀wé. Mo gbọ́ ohun tí ẹ béèrè, mo sì gbọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ̀rù ń bà yín pé bí òjò bá dé, omi tó ti ń rí ibi gbà látọjọ́ yìí máa wá ya wọ ilé yín. Kí n tó ṣe àlàyé gígùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tako iṣẹ́ náà, òfin sì fún yín láyè. Bíborí ló le díẹ̀, torí pé ohun tí ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń gbé lọ síwájú ìjọba kọ́ ni ohun tó lè dá kátápílà dúró. Iṣẹ́ omi ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní ìlú yìí, ká wọn odò, ká ya àwòrán ibi tí àgbàrá ń gbà. N kì í ṣe lọ́yà. Ibi tí mo bá ti fẹnu kan òfin, ẹ mú un tọ lọ́yà lọ kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ṣe nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ ààbò tí gbogbo yín ń sọ yìí wò. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ìjọba dá ààbò bo ilẹ̀ náà, àmọ́ ààbò oríṣiríṣi ló wà, agbára wọn kò sì dọ́gba. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀nà ní 1942 kí Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, ìjọba gba ilẹ̀ etí adágún Ẹlẹ́yẹlé, wọ́n sì gbin igi sí i kí iyẹ̀pẹ̀ má baà máa wọ́ wọnú omi. Ilẹ̀ yẹn ní ààlà, ààlà náà sì wà lórí máàpù. Àbàtà yín lè bọ́ sínú rẹ̀, ó lè bọ́ síta, ààlà sì lè la àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń bá pàdé jù. Bó bá sì jẹ́ igbó ọba ni wọ́n kà á sí, àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ ló sọ ọ́ di igbó ọba, àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ náà ló sì lè yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, ẹ má fi àgbọ́sọ gbéra. Ẹ wá gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé tí ìjọba fi ń kéde àṣẹ rẹ̀, àti máàpù ààlà náà rí, kí sọ̀féyọ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún gbé e ka orí ilẹ̀. Yàtọ̀ sí ti ìpínlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde ní 2009 lórí àbàtà, etí odò àti etí adágún, lábẹ́ òfin tó dá NESREA sílẹ̀ ní 2007, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí i pé wọ́n tẹ̀ lé òfin àyíká. Ìlànà yìí kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti kan pátákó mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ da àbàtà rú gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda kí ó tó fọwọ́ kàn án. Èyí wúlò fún yín ju ìtàn tí wọ́n ń pa ní àdúgbò lọ.

Mo tún ti ń gbọ́ ọ tí àwọn kan ń pariwo Ramsar. Àdéhùn àgbáyé lórí àbàtà ni, ìlú Ramsar ní Ìráànì ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1971, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ibi 11 la ní lórí àkọsílẹ̀ wọn, adágún Nguru àti adágún Oguta wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá gbé e lọ síwájú adájọ́, lọ́yà wọn á fi ìyẹn nìkan sọ gbogbo ẹjọ́ yín di yẹ̀yẹ́.

C of O tí wọ́n ń fì lójú yín ńkọ́? Ìwé yẹn ń sọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀, kò sọ pé kó ṣe ohun tó wù ú níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé yàtọ̀ sí i. EIA, ìyẹn ìwádìí lórí ohun tí iṣẹ́ kan máa dá sílẹ̀ ní àyíká, tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Mo ti rí ibi tí ilé-iṣẹ́ kan ti ní ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí, tí gbogbo àdúgbò sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ má gbé ẹjọ́ yín ka orí pé ilẹ̀ baba wa ni. Látìgbà tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé ní 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Àwọn mọ̀gàjí tó gba owó á sì jáde wá jẹ́rìí pé àwọn ta ilẹ̀ àwọn, kò sì sẹ́ni tó fipá mú àwọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdílé yẹn kan náà ló ta plọ́ọ̀tì fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ omi ni kí ẹ dì mú, torí kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbà ní Sẹkitéríàtì tó máa yí ibi tí omi ń gbà padà.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ni mo fẹ́ kó yé yín débi pé ẹ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíì láìwo ìwé. Òkè ló pọ̀ n'Ìbàdàn, odò ló sì wà láàárín òkè àti òkè: Ògùnpa, Kúdẹtì, Ọ̀nà, Ògbèrè. Nígbà tí orí òkè wọ̀nyí ṣì jẹ́ igbó àti oko, òjò tó bá rọ̀ á rọra mu sínú ilẹ̀, ìyókù á ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, á tẹ́ sínú àbàtà etí odò, á sì máa lọ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, páànù, kọ̀ǹkéré àti ọ̀dà ti bo òkè. Omi kò ráyè mu sílẹ̀ mọ́, sísá ló ń sá, gbogbo rẹ̀ á sì já lu odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó kù tó ti lè dẹsẹ̀ kò ju àbàtà lọ. Bíi kànrìnkàn ni ilẹ̀ yẹn rí: á fa omi mọ́ra sáàárín koríko àti ẹrẹ̀, á sì máa tú u sílẹ̀ fún odò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí òjò ti dá. Ìdí nìyẹn tí odò kékeré yín kì í fi í gbẹ kíákíá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí sì nìyẹn tí kànga àwọn tó wà nítòsí ibẹ̀ fi ń ní omi nígbà tí ti àwọn ará òkè bá ti gbẹ.

Ojú ìlú yìí ti rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ omi. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 ni Ògùnpa ya wọ ìgboro, ó sì pa èèyàn tó lé ní 200. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ti ya ní àwọn ọdún 1960, ó tún ya ní 1978. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó tó mìlímítà 187.5 rọ̀ láàárín wákàtí bíi márùn-ún. Omi gba orí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé kọjá, afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, omi wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èèyàn tó lé ní 100 sì bá a lọ. Àwọn kan á ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Òjò ni Ọlọ́run rọ̀. Àwa la kọ́lé sí ojú ibi tí omi ń gbà, àwa la da ìdọ̀tí sí abẹ́ afárá.

Ẹ bá mi ṣírò òjò ọjọ́ yẹn. Plọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ 50 ní 100 ẹsẹ̀ bàtà, omi tó rọ̀ sórí òun nìkan lé ní 87,000 lítà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó táńkà mẹ́sàn-án tó ń gbé 10,000 lítà. Bí plọ́ọ̀tì náà bá jẹ́ páànù àti kọ̀ǹkéré láti ìgun kan dé èkejì, gbogbo rẹ̀ ló máa jáde sí títì. Ẹ wá wo ti àbàtà. Hẹ́kítà kan péré, bí omi bá ga ní ìdajì mítà lórí rẹ̀, ó ti dá 5,000,000 lítà dúró, ìyẹn táńkà 500. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ kún hẹ́kítà yẹn. Táńkà 500 náà kò parẹ́ o. Ilé ẹlòmíì ló ń wá lọ. Bí ẹ bá dé ìpàdé níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ìṣirò yìí ni kí ẹ gbé kalẹ̀, ẹ fi iye hẹ́kítà àbàtà tiyín sí i, kí ẹ sì bi ilé-iṣẹ́ náà pé níbo ni wọ́n fẹ́ kó omi yẹn sí.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn á dáhùn pé àwọn máa gbé ilẹ̀ sókè, àwọn máa mọ odi, àwọn máa ṣe gọ́tà ńlá. Mo gbà pé ìyẹn lè gba ilé tiwọn là. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n bá fi odi lé sẹ́yìn á kó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ẹ̀yin wà. Gọ́tà ńlá ń mú kí omi yára ni. Yóò já sínú adágún pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti yanrìn tí àbàtà ìbá ti sẹ́ kù, adágún á máa kún láti ìsàlẹ̀ wá, àyè tó ní láti gba òjò ńlá á máa dín, gbogbo wàhálà náà á sì kọjá dáàmù lọ bá àwọn tó ń gbé lápá Odò-Ọ̀nà àti Olúyọ̀lé. Àwọn wọ̀nyẹn ò tíì gbọ́ pé ohunkóhun ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ní 2014 ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé n'Ìbàdàn, títún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe sì wà lára iṣẹ́ náà. Gbèsè ni, àwa àti àwọn ọmọ wa la máa san án. Kò bọ́gbọ́n mu rárá ká yáwó tún dáàmù ṣe, ká sì jẹ́ kí wọ́n máa dí àbàtà tó ń gba dáàmù náà sílẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí n kì í rí kí wọ́n sọ nípàdé, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń dùn mí jù: ọ̀rọ̀ sọ́kàwéè. Sọ́kàwéè ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá gbẹ tí ó lè fa omi. Nínú àbàtà, omi ilẹ̀ wà nítòsí, bóyá mítà kan sísàlẹ̀, nígbà òjò á sì tún gòkè. Ẹ da iyẹ̀pẹ̀ pupa lé e, ẹ gbẹ́ sọ́kàwéè sínú iyẹ̀pẹ̀ náà fún ilé bí ọgọ́rùn-ún, ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ilé wọ̀nyẹn máa bá omi ilẹ̀ rìn lọ sínú kànga yín, á sì bá odò lọ sínú adágún tí wọ́n ti ń fa omi tí apá kan Ìbàdàn ń mu. Iléeṣẹ́ omi á ní láti fi kẹ́míkà púpọ̀ sí i tọ́jú rẹ̀, owó á ga, omi ẹ̀rọ á sì túbọ̀ wọ́n. Àwọn tó máa ra ilé náà pẹ̀lú máa jìyà. Ẹrẹ̀ àbàtà ń sún kì lábẹ́ ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé tí wọn ò fi òpó jíjìn gbé ró á là láàárín ọdún díẹ̀. Mo ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ láti wá wo ìdí tí ilẹ̀kùn ò fi pa dé mọ́, tí mo rí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó kó gbogbo owó gírátúítì rẹ̀ lé e.

Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀fọn àti ejò ló kún inú àbàtà, pé dídí i máa dín ibà kù. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ká láàárín wa fẹ́ràn omi díẹ̀ tí oòrùn ń pa, bí irú èyí tó dúró sínú ojú ẹsẹ̀ táyà tìpà àti inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún ìpìlẹ̀. Àbàtà tí ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ wà nínú rẹ̀ kọ́ ni ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù. Ti pé àwọn ọlọ́ṣà ń fara pamọ́ síbẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ òótọ́, iná ojú ọ̀nà àti fíjilànté ló sì ń yanjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ gba sùúrù. Ẹ má bú wọn, ẹ má sì pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ tó rí kátápílà á rò pé ìrètí ló dé. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ jọ béèrè pé irú iṣẹ́ wo, èèyàn mélòó, fún oṣù mélòó, kí ilé-iṣẹ́ náà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo ti rí ni pé lébìrà díẹ̀ ni wọ́n ń gbà nígbà ìkọ́lé, àwọn mésọ̀n àti káfíńtà sì máa ń bá kọngílá wá láti ibòmíì. Bí ilé bá parí, mẹ́gàádì àti agbálẹ̀ ló kù. Ẹ wá ka àwọn tó ti ń jẹun nínú àbàtà náà báyìí. Àwọn ìyá tó ń dá àkùrọ̀ ńkọ́? Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ata tí wọ́n ń rù lọ sọ́jà ní oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ òkè ti gbẹ, àbàtà yẹn ló ti ń jáde. Àwọn tó ń dẹ ìgèrè fún ẹja àrọ̀ àti ẹpìyà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ torí pé wọn ò ní ọ́fíìsì. Ó sì dá mi lójú pé lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kọ, ẹgbẹ́ onílé nìkan ló máa fọwọ́ sí i. Àṣìṣe ńlá nìyẹn máa jẹ́. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló mọ ibi tí omi ń ga dé ní oṣù kẹsàn-án ju sọ̀féyọ̀ kankan lọ, àwọn náà sì ni òfin lè rí pé ọwọ́ wọn máa kúrò lẹ́nu oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn ṣáájú tiyín.

Kí ló fà á tí àwọn onílé-iṣẹ́ fi ń sá tọ àbàtà? Owó rẹ̀ kéré sí ti orí òkè, ó súnmọ́ ìgboro, kò sí ilé tí wọ́n máa sanwó rẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Nínú ọyẹ́, bí ẹ bá mú ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun lọ wò ó, ilẹ̀ gidi ló máa rí, torí koríko ti gbẹ, ẹrẹ̀ sì ti sán. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń tà á. Àwọn mọ̀gàjí náà kì í sábàá rí i bíi nǹkan ńlá, torí ilẹ̀ tí ìdílé ò fi kọ́lé rí ni. Mi ò rò pé ìkà ló pọ̀ nínú wọn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èyí tí mo fẹ́ sọ yìí lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó fi ìka sí ilé-iṣẹ́ yẹn, ẹ yẹ àdúgbò yín wò. Bí ilé ọmọ ẹgbẹ́ yín kan bá wà létí odò níbi tí kò yẹ, bí ẹ bá ń da ìdọ̀tí sínú odò náà lóru tí òjò bá ń rọ̀, àwòrán rẹ̀ ni lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ gbé jáde. Lẹ́yìn omíyalé 2011, ìjọba sàmì sí àwọn ilé tó wà lójú omi, wọ́n sì wó lára wọn. Àdúgbò tó bá fẹ́ kí òfin gbèjà òun gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn nígbà tó bá kan òun náà. Ó le, mo mọ̀, àgàgà bó bá jẹ́ ilé alága yín. Ẹ ṣe é ṣáájú kí ẹ tó kọ lẹ́tà.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí ẹ lè gbà. Òfin EIA ti wà láti 1992. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó lè da àyíká rú láìkọ́kọ́ ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì sọ pé kí wọ́n fún àwọn ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó pinnu. Fífa omi àbàtà tó tó hẹ́kítà 100 gbẹ, àti kíkọ́ ilé gbígbé sórí hẹ́kítà 50, wà lára ohun tó gba ìwádìí kíkún ní dandan. Ẹ ṣọ́ra níbí. Ilé-iṣẹ́ lè gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n ní ìpele àkọ́kọ́ kò ju hẹ́kítà 20 lọ. Àwòrán gbogbo ẹ́síteètì náà ni kí ẹ béèrè, ẹ má gba ti ìpele kan. Bí ó bá tilẹ̀ kéré sí iye yẹn, òfin ṣì ní kí wọ́n ṣe ìwádìí bí ipá rẹ̀ bá lè pọ̀. Tí wọ́n bá ti kọ ìwé ìwádìí náà, ìjọba máa ń gbé e síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ọjọ́ 21 yìí ti kọjá lórí wọn láìmọ̀, torí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni ìwé wà, kò sì sẹ́ni tó lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé béèrè ní kíákíá lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ẹ béèrè EIA, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, máàpù ààlà àti gásẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ sí ti ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìkọ́lé, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ NESREA wà lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Bí wọ́n bá dáhùn pé kò sí EIA, ẹ̀rí ńlá lẹ ti rí yẹn.

Ṣé kí ẹ lọ sílé ẹjọ́? Látijọ́, adájọ́ á bi yín pé kí ló kàn yín níbẹ̀, ẹjọ́ á sì túká. Láti 2018 tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ tí Centre for Oil Pollution Watch, ẹgbẹ́ aládàáni kan, pe NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí sí i fún ẹgbẹ́ tó bá ń jà fún àyíká. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ẹjọ́ ń gba ọdún, tìpà ò sì ń dúró de ìdájọ́. Ohun tó wúlò jù nílé ẹjọ́ ni àṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró títí ẹjọ́ á fi parí, adájọ́ kì í sì í fún èèyàn ní irú àṣẹ yẹn bí ó bá ti jẹ́ kí wọ́n da ìdajì iyẹ̀pẹ̀ kó tó sáré wá. Ti pé kí ẹ dí ọ̀nà mọ́ tìpà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ọjọ́ tí òkúta kan bá ba díráfà kan, ọ̀rọ̀ àbàtà parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ jàǹdùkú ló kù, àwọn ọmọ yín ló sì máa sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀nà àárín kan wà tí mo máa fẹ́ kí ẹ rò dáadáa kí ẹ tó kọ̀ ọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n rà jẹ́ àbàtà. Apá òkè rẹ̀ lè gba ilé láìpa ẹnikẹ́ni lára. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá gbà láti kọ́lé sí apá yẹn nìkan, láti ṣe ilé-ìtọ́jú omi ìdọ̀tí dípò sọ́kàwéè, kí wọ́n sì fi ìwé tó ní òǹtẹ̀ ilé ẹjọ́ sọ pé apá ìsàlẹ̀ kò ní í yí padà láé, èmi á gbà á. Àwọn kan nínú yín á ní mo ti ta yín. Ṣùgbọ́n àbàtà tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ṣì wà lódindi sàn ju ẹjọ́ tí ẹ jẹ́bi rẹ̀ lọ. Èyí tí mi ò ní gbà ni owó "ìdàgbàsókè àdúgbò," bọ̀ọ̀hólù àti tíránsífọ́mà tí wọ́n máa fi ṣe ẹ̀bùn. Bọ̀ọ̀hólù kò gba omi òjò dúró.

Ibi tí àbàtà tàbí igbó ti dúró, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni èèyàn tó níṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tó tó hẹ́kítà 75, apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ṣùgbọ́n kí ìwé wọ̀nyẹn tó dé, àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣe é ló fi ara wọn dínà fún àwọn tó fẹ́ gé e. Ní Kolkata ní Íńdíà, àwọn ará ìlú gbé ọ̀rọ̀ àbàtà ìlà-oòrùn ìlú náà lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì pàṣẹ ní 1992 pé kí wọ́n yé dí i. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló wọ àkọsílẹ̀ Ramsar. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń dí i níkọ̀kọ̀ títí dòní. Àwọn tó ń sin ẹja àtàwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kígbe nígbà tí wọ́n bá rí i. Ẹ rí i pé ohun tí mo sọ nípa àwọn ìyá aláàkùrọ̀ kì í ṣe àánú wọn lásán.

Mi ò tíì fojú rí àbàtà yín, mi ò sì lè jókòó síbí kí n sọ ibi tí omi rẹ̀ ń ga dé. Ẹ̀yin lẹ lè sọ ọ́. Bẹ̀rẹ̀ láti òní, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ojú kan náà, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Ẹ kan igi tí ẹ fi ọ̀dà kọ mítà sí lára mọ́ ibi mẹ́ta, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa kọ ibi tí omi dé lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ dáàmù sọ̀rọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí lẹ́tà yín. Bí máàpù ààlà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín kà á, bí ọ̀nà bá sì ṣe é lọ, màá wá bá yín rìn ín ní ọjọ́ kejì òjò ńlá.